Ìwé Ìròyìn Ìlú Ẹni: Ohun Tí The Herald Kọ́ Wa ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, Èkó ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, Èkó náà ni wọn yóò sì parí rẹ̀ sí. Wọn a dárúkọ Daily Times, wọn a dárúkọ àwọn tó fi gègé bá òyìnbó jà kí a tó gba òmìnira ní 1960, wọn a sì ka orúkọ àwọn akọ̀ròyìn tí ìjọba ológun sọ sẹ́wọ̀n. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, irú ìwé ìròyìn kan wà tí kì í sábà rí àyè nínú ìtàn yẹn. Ìwé ìròyìn ìlú ẹni ni mò ń wí, èyí tí ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó kú ní Pàkátà, tí ó máa ń kọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ dà lọ́dà ní Òkè-Lélè, tí ó sì máa ń kọ orúkọ ọmọbìnrin tó lọ́kọ tó wá yí orúkọ padà. The Herald ni tiwa, ìlú Ìlọrin ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìlú tí kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, yóò wá ẹlẹ́rìí tì lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé.

ÌRÒYÌN TI WÀ KÍ ÌWÉ RẸ̀ TÓ DÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú òkùnkùn ni Ìlọrin wà tẹ́lẹ̀ o. Ìlú àwọn Àáfà ni. Kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kálámù àti tàdáwà kọ̀wé sórí wàláà àti tákàdá. Ní 1912, Ahmad bin Abi Bakr, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ìkòkòró, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn Ẹ́míà Ìlọrin sílẹ̀. Nítorí náà, kíkọ nǹkan sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa.

Ìròyìn ẹnu náà kò wọ́n. Àwọn onídadakúàdá ló ń ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn fún ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ Odòlayé Àrẹ̀mú lóde ìnáwó, yóò gbọ́ oríkì, yóò gbọ́ ẹ̀fẹ̀, yóò sì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú òṣèlú, nítorí ó kọrin nípa àwọn ènìyàn bí S. L. Akíntọ́lá. Àléébù ibẹ̀ kò ju pé ẹni tí kò bá sí lóde lọ́jọ́ náà, ìròyìn ti fò ó.

Ìwé ìròyìn gan-an ti wà nílẹ̀ Yorùbá láti 3 December 1859, nígbà tí Henry Townsend, àlùfáà ìjọ CMS, tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Ní 1867, nígbà rògbòdìyàn Ìfọ́lé tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé onígbàgbọ́ ni, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó sì ń ṣojú fún. Ìlọrin jìnnà sí i ní ọ̀nà méjèèjì.

Nígbà tó ṣe, ojú irin dé, ó sì ń kó ìwé ìròyìn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Láti òkè pẹ̀lú, Gaskiya Ta Fi Kwabo bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1939, ní èdè Haúsá. Ní 1949, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìlọrin wá wà láàárín wọn bí ọmọ ìyá méjì. Ìjọba Àríwá ló ń ṣàkóso wa, Yorùbá ni à ń sọ lẹ́nu. Àwọn àgbà wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, bí ìwé ìròyìn Ìbàdàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ wa, á ní ará Òkè Ọya ni wá, bí ti Kaduna bá sì fẹ́ sọ ọ́, á ní Yorùbá ni wá. Kò sí èyí tí ó pè wá ní orúkọ wa.

ÌPÍNLẸ̀ TUNTUN, ÌWÉ TUNTUN

Ní 27 May 1967, Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara. David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, ni ó jẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Abẹ́ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n dá Nigerian Herald sílẹ̀ ní 1973. Àwọn àgbà àdúgbò wa kò lè pe orúkọ yẹn tán, "Ẹ́rálì" ni wọ́n ń pè é.

Ìpínlẹ̀ Kwara nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní Daily Sketch ní Ìbàdàn láti 1964, Àríwá ní New Nigerian ní Kaduna láti 1966. Benin ní Nigerian Observer ní 1968, Calabar ní Nigerian Chronicle ní 1970, Port Harcourt ní Nigerian Tide ní 1971, Jos ní Nigerian Standard ní 1972. Nígbà náà, ìpínlẹ̀ tí kò bá ní ìwé ìròyìn dà bí ọba tí kò ní kàkàkí. Gbogbo gómìnà ló fẹ́ kí nǹkan fọn fún òun.

Àmọ́ kàkàkí ọba, ọba ni í fọn ún fún. Ọdún 1973 yẹn gan-an ni gbogbo Nàìjíríà rí ewu tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù July, Minere Amakiri, aṣojú Nigerian Observer ní Port Harcourt, kọ ìròyìn nípa ẹ̀hónú àwọn tíṣà. Ìròyìn náà bọ́ sí ọjọ́ ìbí gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Rivers, Alfred Diete-Spiff. Wọ́n mú Amakiri, wọ́n nà án ní ẹgba 24, wọ́n sì fá irun orí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ìròyìn ìjọba ni òun náà ń bá ṣiṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn ló ni ín. Bí ìwé ìròyìn ìjọba ṣe máa ń rí nìyẹn: ó lè sọ òótọ́ nípa ilé aládùúgbò, ṣùgbọ́n bó bá di ti ilé ara rẹ̀, ó di kí ó rọra.

AKỌ̀WÉ KÉKERÉ

Ní 1988, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Télọ̀ ni bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Bàbókò. Bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, àwọn àgbà kan a máa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan ń pa ẹran ní Ìpatà, ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ọ̀kan ń wa lọ́rì, ẹnì kẹrin jẹ́ Àáfà tí ó ní ilé kéwú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni bàbá mi ń ra ìwé ìròyìn. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, èmi ni wọn yóò rán lọ sọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ pé kí n lọ wo àkọlé rẹ̀ wá. N kì í dá wà níbẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ kà-á-má-rà-á a ti kún ìdí tábìlì rẹ̀, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, ojú wọn nílẹ̀.

Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ Herald. Ẹ rò ó wò ná. Ìlú tó jẹ́ pé Yorùbá ni ọjà rẹ̀ ń ná, tó jẹ́ pé Lárúbáwá ni àwọn Àáfà rẹ̀ ń kọ, ìwé ìròyìn rẹ̀ wá ń sọ òyìnbó. Bàbá mi ka ìwé mẹ́fà, ó lè ka òyìnbó náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ wà níwájú rẹ̀, oníbàárà sì ń dúró. Bí ó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n sọ mí ní "Akọ̀wé kékeré".

"Akọ̀wé kékeré, ó yá o. Kí ni ìjọba wí lónìí?"

Mo kọ́kọ́ máa ń kà á ní òyìnbó, kí wọ́n lè gbà pé ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ni n ó túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni! Kí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ pe "retrenchment"? Mo ní wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kan máa lọ sílé. Àgbà rélùwéè mi orí, ó ní, "Ọmọ yìí, o túmọ̀ rẹ̀ dáadáa." Ọjọ́ tí mo bá Structural Adjustment Programme pàdé, èyí tí ìjọba Babangida gbé dé ní 1986, bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí n wí pé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ni.

"Àtúntò kẹ̀?" Bàbá alápatà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó ń ra ẹran odindi tẹ́lẹ̀ tó wá ń ra egungun, ṣé àtúntò lẹ ń pe ìyẹn? Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá alápatà ní ìfúngbànú ni."

Wọn kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé àwòrán gómìnà ni yóò wà níbẹ̀, bóyá ó ń ṣí ilé ìwòsàn, bóyá ó ń gba àlejò. Inú ni wọ́n máa ń ní kí n kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n wé láwàní fún, ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí, àti bí Kwara Bombers ṣe gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni a ó wá lọ sí ìkéde kéékèèké, pé lágbájá tó ń jẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀ ti ń jẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì a dìde. "Ṣé ọmọ Ilé Alápò yẹn ni? Ó ti lọ́kọ? Ẹ gbà mí!" Ìròyìn pé ààrẹ lọ sí ìlú òyìnbó kò lè ru wọ́n sókè bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń jẹ lónìí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tí mo lọ lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì, bẹ́ǹṣì yẹn ni yunifásítì mi.

OHUN TÍ WỌN KÒ KỌ

Ẹ̀kọ́ kejì tí àwọn àgbà náà kọ́ mi ni pé kí n máa ka ohun tí kò sí nínú ìwé. Bí ìjọba bá kéde pé epo bẹntiróòlù pọ̀ káàkiri, Bàbá onílọ́rì a dìde, a gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di ilé epo. Ó ní bí epo bá pọ̀ lóòótọ́, ta ni í kéde rẹ̀? Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ẹnìkan kò gbúròó kọmíṣọ́nnà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ti mọ̀ pé iná ti jó dé ìdí àga rẹ̀.

Ẹ má dá àwọn akọ̀ròyìn ìgbà náà lẹ́bi jù. Ìgbà líle ni. Ní 1984, ìjọba Buhari ṣe Òfin kẹrin, Decree 4, tí ó sọ ìròyìn tó bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n fi òfin náà ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà lé ìwé ìròyìn wọn. Ní 19 October 1986, bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Akọ̀ròyìn tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, tó ń rí gbogbo ìwọ̀nyí, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Nígbà tó wá di 1993, ìbò June 12 dé. M. K. O. Abiola borí, ó sì borí ní Kwara náà. Ní 23 June, ìjọba Babangida fagi lé ìbò náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Concord, tó jẹ́ ti Abiola fúnra rẹ̀, wọ́n ti Punch, wọ́n sì ti Sketch tó jẹ́ ti ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ Abacha, ìwé bí TELL di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí bàbá mi rán mi sí fẹ́ńdọ̀ wa, ó ní kí n sọ pé òun fẹ́ "ti ìjọba, èyí tó wúwo". Fẹ́ńdọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká ìwé ìròyìn ìjọba kan fún mi. TELL ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ayé! Ìwé tí ìjọba ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ló di aṣọ tí a fi bo ìwé tí ìjọba ń lé kiri.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N GÉ ÌPÍNLẸ̀ WA

Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 27 August 1991. Ọjọ́ náà ni Babangida dá àwọn ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, Kogi sì wà lára wọn. Kabba, Okene àti Lokoja lọ mọ́ Kogi, apá kan Borgu sì lọ mọ́ Niger. Ní kíláàsì wa, ọmọ Ebira méjì àti ọmọ Kabba kan ló wà. Àwọn òbí wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí ọdún tó parí, ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo.

Inú ìwé ìròyìn ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá kọ nípa ọjà Okene, ìròyìn ilé ni. Nígbà tó yá, orúkọ Okene di orúkọ òkèèrè, bíi ti Makurdi tàbí Minna. Àwọn onímọ̀ a máa sọ pé ẹ̀dá àròsọ ni ìpínlẹ̀, kò ju ìlà tí ológun fi gègé fà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ti mú kí a mọ orúkọ ara wa láàárín ìlà náà fún ọdún 18, láti 1973. Nígbà tí ìlà yí padà, ìmọ̀ràn wa nípa ẹni tó jẹ́ ará ilé yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Owó tún ń ṣe tirẹ̀. Láti September 1986 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ìdíyelé ara rẹ̀ lọ́jà, ohun gbogbo tó ń ti òkèèrè wá ti gbówó lórí: tákàdá ìtẹ̀wé, yíǹkì, ẹ̀rọ. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tákàdá wà ní Jẹ́bbà, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, láti 1969. Ṣùgbọ́n tákàdá tó nípọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe páálí àti àpò sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Bí ẹni tó jókòó sẹ́bàá odò tó tún ń fi owó ra omi ni.

ÈDÈ WA DÉ, ÌLÚ WA KÒ BÁ A DÉ

Ìyá mi kì í wá sídìí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ ìpolongo mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní 1982, ó wà lára àwọn ìyá tó lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní alẹ́, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá. Òyìnbó inú Herald kò wúlò fún un. Ohun tí mo bá túmọ̀ nídìí bẹ́ǹṣì, kí ó tó dé inú ilé, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìwé ìròyìn Yorùbá wà lóòótọ́. Sketch ní Gbohùngbohùn láti 1970, Concord sì ní Ìṣọ̀kan ní ọdún 1980 sókè. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ ilé wa gidi ni Aláròyé. Aláò Adédayọ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1985, ó tún un ṣe ní 1990, ó tún un ṣe ní 1994, kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní July 1996. Mo rántí ìyá mi lórí àpótí ìdáná, ẹ̀lùbọ́ lápá, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka ojú ewé kan tán, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ akọ̀wé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ o."

Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò tíì gbàgbé títí di òní. Ó ní, "Ìwé yìí dùn. Ó ń sọ ti Èkó, ó ń sọ ti Ìbàdàn. Níbo ni wọ́n kọ tiwa sí?"

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Èyí tó mọ ìlú wa kò sọ èdè wa, èyí tó ń sọ èdè wa kì í sábà yà sílé wa. Ọmọ Ìlọrin tó bá fẹ́ ka ìròyìn àdúgbò rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, ó di kó lọ tẹ́tí sí rédíò. Rédíò sì dára púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rédíò kò ṣe é kó sínú àpótí.

ORÚKỌ ÀǸTÍ TÍṢÀ

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àtijọ́ lásán ni mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní 1983. Ó lọ́kọ ní 1987, ó yí orúkọ padà, ó sì gbé ìkéde rẹ̀ sínú Herald bí òfin ti wí. Ní 2018, ó pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ó fẹ̀yìn tì. Ó dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tó fi wọṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń jáde, ìwé tó so méjèèjì pọ̀ kò sì sí nínú fáìlì. Lọ́rọ̀ kan, wọ́n ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ni ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Oṣù méje ni Àǹtí Tíṣà fi ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀dà tirẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n kó kúrò nílé àtijọ́.

Ẹ rántí pé télọ̀ ni bàbá mi. Ìwé ìròyìn tí a bá kà tán, òun ló fi ń gé páátánì: apá bùbá, ọrùn dàńṣíkí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Èyí tó bá kù a lọ bá àwọn alákàrà. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan. Kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kan ojú ewé tó bá ní orúkọ ẹni tó mọ̀. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, inú àpótí irin ni wọ́n ń lọ. Bàbá mi kú ní 2009, àpótí náà sì wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi.

A tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ojú ewé náà wà níbẹ̀! Wọ́n ti gé apá bùbá ọmọdé kúrò lára rẹ̀, ó hàn gbangba pé ó ti bẹ̀rẹ̀ gígé kó tó rí orúkọ náà, nítorí ibi tí àlùmọ́gàjí dúró sí kò ju ìka méjì lọ sí ìkéde àbúrò rẹ̀. Orúkọ àtijọ́, orúkọ tuntun, ọjọ́, oṣù, ọdún, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n gbà á ní ọ́fíìsì náà, Àǹtí Tíṣà sì rí owó rẹ̀ gbà.

Kí wọ́n tó mú un lọ, mo jókòó ka ìyókù ojú ewé náà. Ìkéde òkú méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti àgbẹ̀ kan. Ìkéde wà fún àwọn tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ kọ́ńtírákítì láti tún kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ kan ń pe ìpàdé. Kò sí gbajúmọ̀ kan lójú ewé náà. Mo wá rò ó pé níbo mìíràn láyé ni wọ́n ti kọ nípa àgbẹ̀ yẹn?

TA NI YÓÒ TỌ́JÚ RẸ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sọ nípa owó orí ní Ìlọrin láyé ìjọba amúnisìn, ẹ lọ sí National Archives ní Kaduna, fáìlì ẹkùn Ìlọrin wà níbẹ̀. Òyìnbó tọ́jú ìwé tirẹ̀. Àwa náà ṣòfin. Òfin National Library ti 1970 ní kí akọ̀wétà fi ẹ̀dà 3 ìwé tó bá tẹ̀ ránṣẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ẹ̀dà 10 ránṣẹ́, kí ìjọba àpapọ̀ fi 25. Òfin tó dára ni. Àmọ́ òfin kì í lé ikán, kì í sì í bo òrùlé tó ń jò.

Lónìí, inú fóònù ni ìròyìn àdúgbò wa wà. Ìkú tó bá ṣẹlẹ̀ ní Pàkátà láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹni tó wà ní London ti gbọ́ lórí WhatsApp. N kò bú u, èmi náà ń lò ó. Ó tilẹ̀ ti dáhùn apá kan ìbéèrè ìyá mi, nítorí Yorùbá Ìlọrin gan-an ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá bọ́ sínú omi, ìròyìn bá a lọ. Ta ni yóò rí ojú ewé òde òní lẹ́yìn ọdún 31, bí a ti rí ti Àǹtí Tíṣà?

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní ìwé ìròyìn àtijọ́ nílé, bóyá Herald, bóyá Gbohùngbohùn, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi dáná. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà ya àwòrán wọn, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ọdún sí i, kí wọ́n sì kó o sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ka àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sí dúkìá ìlú, bí ó ti ka ilẹ̀ àti ilé sí i. Kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kọ sì máa kọ ti àdúgbò yín, ní èdè tí ìyá yín lè kà, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìròyìn ààrẹ kò ní í ṣàìrí ẹni tí yóò kọ ọ́. Ti àgbẹ̀ tó kú ní 1987, àfi bí ará ìlú rẹ̀ bá kọ ọ́.